Èèpo Ẹ̀gẹ́, Àpò Òfìfo àti Abẹ́rẹ́ Ajá

Tí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í yin bángà ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn àti ní Akánrán, ajá a máa sá nílé. Etí ajá mú ju tiwa lọ. Ariwo tó ń dùn mọ́ àwọn ọmọ ló ń lé òun wọgbó. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ajá tí bángà lé lọ, gbígbọ́ ló gbọ́ jù. Àsìkò yẹn kan náà ni ọyẹ́ ń fẹ́, tí koríko ti gbẹ, tí wọ́n ń sun igbó, tí ewúrẹ́ ń jẹ ọ̀rá píọ́ wọ́tà lẹ́bàá títì nítorí pé kò rí ewé tútù. Iléyá náà ní tirẹ̀. Àgbò tó ti dúró nínú ọkọ̀ láti Òkè Ọya, wọ́n á tún so ó mọ́ òpó nínú oòrùn, omi lè má kàn án lẹ́nu títí ẹni tó máa rà á yóò fi dé.

Ìgbà tí ojú ń pọ́n ẹran yìí náà ni ọwọ́ ènìyàn máa ń yá láti fúnni. Ọmọ tó wà l'Ékòó ti wálé. Ìjọ ń ṣe ìkórè, ilé ń se oúnjẹ ju èyí tí ẹnu lè jẹ tán lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tọ́jú ajá tí kò lólúwa, ewúrẹ́ tí ọkọ̀ kọlù, tàbí ológbò tí wọ́n jù sí ààtàn, àsìkò ọdún ló yẹ kó jáde tọrọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí irú ìtọrọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń kẹ́sẹ járí ní àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, àti ìdí tó fi dá mi lójú pé owó kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọgbà ìtọ́jú ẹran kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby ló dá ilé kan sílẹ̀ ní Holloway lọ́dún 1860 fún ajá tó sọnù, tí ebi ń pa. Wọ́n kó o lọ sí Battersea ní 1871, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. L'Ékòó, St. Mark's Animal Rescue Foundation ń gba ajá àti ológbò tí ìyà ń jẹ kúrò nígboro. Ní tiwa níhìn-ín, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹran láti àwọn ọdún 1960, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní tirẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ìwòsàn ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyẹn. Ẹran tí kò nílé tí yóò padà sí, wọn kò lè máa bọ́ ọ lọ títí. Ní abúlé, ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan ló máa ń já sí: igi àti wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà, páànù díẹ̀ lórí rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù omi kan, àti ẹni tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà gbogbo rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po.

Ní orílẹ̀-èdè Gambia, ní abúlé Sambel Kunda, ọgbà kan wà tó yẹ kí a wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Heather Armstrong àti Stella Marsden tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ló dá Gambia Horse and Donkey Trust sílẹ̀ lọ́dún 2002, láti máa tọ́jú ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọrẹ wọn ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ṣùgbọ́n ọrẹ ilẹ̀ òkèèrè kọ́ ló ń mú kí àgbẹ̀ fà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ wá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ara rẹ̀ le ló ń túlẹ̀, òun ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sọ́jà. Àgbẹ̀ rí èrè ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ àánú.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó kan gbogbo ilé ní abúlé ni àrùn dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń pa lọ́dọọdún, ní Áfíríkà àti Éṣíà jù lọ, àti pé nínú ènìyàn 100 tí ẹran tí wọ́n fura sí bá bù jẹ, bí 40 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni kò fi ní já sí ikú. Síbẹ̀, bí ajá 70 nínú 100 bá gba abẹ́rẹ́ lágbègbè kan, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn mọ́. Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Lọ́dún 1968, àwọn onímọ̀ níbí rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi lára asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá, orúkọ àdúgbò yẹn sì ni wọ́n fi ń pe fáírọ́ọ̀sì náà káàkiri ayé títí dòní.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá lọ bá Baálẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àánú ajá. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọmọ. Kó sọ fún Baba pé ajá tó ń rìn kiri lóru ní ẹ̀yìn ilé ìwé, a fẹ́ mú un wọgbà, a fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́, kí ó má bàa bu ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ. Kó sì tún fi ìmọ̀ràn kan kún un tí gbogbo abúlé lè lò lójú ẹsẹ̀: ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má ṣe fi epo tàbí àgúnmu dí i. Baálẹ̀ tó bá ti gbọ́ èyí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí wọ́n kéde ní ọjà.

Ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ ọdẹ ló yẹ kí a kọjá sí lẹ́yìn Baálẹ̀. Ajá ọdẹ ló ń wọgbó, òun ló ń bá ẹranko ìgbẹ́ jà, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́. Ọdẹ mọ iye ajá tó wà ní abúlé ju ẹnikẹ́ni lọ, ó mọ èyí tó lólúwa àti èyí tí kò ní. Bí a bá rí ojúrere wọn, wọ́n á ran wá lọ́wọ́ láti mú ajá láìsí pé ẹnikẹ́ni fi òkò lé e. Nínú wọn ni àwọn tó ń bọ Ògún wà, tí ajá sì jẹ́ ara ẹbọ wọn. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdẹ fẹ́ràn ajá rẹ̀, ó ń pè é lórúkọ, ó sì máa ń dùn ún tó bá kú, nítorí náà kò ṣòro láti bá a sọ̀rọ̀ ìtọ́jú.

Ó wá kan ohun tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá dúró ní Èrúnmú tàbí Ìjàyè tó ní kí wọ́n dáwó fún ajá, èsì tó máa gbọ́ ni pé ènìyàn gan-an kò tíì jẹun yó. Èsì yẹn kò burú. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìyá tó sọ bẹ́ẹ̀, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn ibi tó ti ń yan gàrí, tó ń rà, tó ń rùn, tí wọ́n á padà dáná sun. Òun kò kà á sí nǹkan. Fún ọgbà tó ní ewúrẹ́ àti àgùntàn, oúnjẹ oṣù kan ni.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa tó wọ̀n bíi kílò 25 máa ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ tó bíi kílò kan lóòjọ́. Ọgbà tó bá ní ogún irú rẹ̀ yóò nílò 600 kílò lóṣù, ìyẹn àpò olókìló 50 méjìlá. Omi pọ̀ nínú èèpo tútù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ń kù tó bá gbẹ dáadáa, nítorí náà àpò èèpo tútù 36 la máa kó kí a tó rí 12 gbígbẹ. Kì í ṣe èèpo nìkan ni ewúrẹ́ máa jẹ o. Ó nílò ewé, èérí ògì, èèpo ẹ̀wà àti iyọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèpo bá ti wà ní àká, ọkàn olùtọ́jú á balẹ̀ títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀.

Ọ̀rọ̀ èèpo yìí, nítòsí wa níbí ni wọ́n ti yanjú rẹ̀. Nínú ọgbà ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà ní Akínyẹlé láti 1967, àwọn onímọ̀ ILRI, tí iṣẹ́ wọn dá lórí ẹran ọ̀sìn, ṣe àwárí ọ̀nà tí èèpo ẹ̀gẹ́ fi lè di oúnjẹ ẹran tó péye. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń sá èèpo, tí òjò bá sì pa á, ó bàjẹ́ nìyẹn. Oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù láti fún ẹran. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ èèpo náà nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù nínú ẹ̀rọ ìfúngàrí, wọ́n wá sá a. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ó ti parí, èyí tó pọ̀ jù nínú oró náà sì ti bá omi àti oòrùn lọ. Gbogbo ẹ̀rọ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ló wà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ní abúlé. Nítorí náà, ọrẹ tó tóbi jù tí oníẹ̀rọ lè ṣe lọ́sẹ̀ ọdún ni pé kó fún wa ní ọ̀sán kan, kó bá wa lọ èèpo, kó bá wa fún un. Ọyẹ́ tó mú koríko gbẹ náà ló máa bá wa mú èèpo gbẹ.

Nǹkan mìíràn tí Kérésìmesì àti ọdún tuntun ń fi sílẹ̀ ni àpò ìrẹsì, páálí àti aṣọ àlòkù. Àpò la fi ń kó èèpo pamọ́, páálí àti aṣọ la ń tẹ́ fún ajá tó bímọ nínú òtútù ọyẹ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dúró títí ọdún yóò fi parí: ilé ìwé máa ń parí táàmù àkọ́kọ́ ní nǹkan bí àárín oṣù Kejìlá. Bí olùkọ́ bá gbà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àpò òfìfo kan tàbí kóńgò èérí ògì kan wá lọ́jọ́ ìparí táàmù. Àwọn ọmọ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí púpọ̀. Ọmọ tó bá mú àpò wá fún ajá lónìí, kò ní sọ òkò lù ú lọ́la.

Ìṣọ́ra wà nínú ohun tí a óò gbà. Àgbàdo tó ti hu èébu, ẹ̀pà tó ti bu, ẹ má gbà á, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá láàánú tó. Nínú èébu yẹn ni oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin wà, ó ń ba ẹ̀dọ̀ ajá àti adìyẹ jẹ́, ó sì ń pa wọ́n. Ọ̀ràn yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí IITA fi ṣe Aflasafe, ohun tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko kí èébu olóró náà má bàa ráyè lórí irè. Eegun adìyẹ tí wọ́n ti sè tàbí dín, ó ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun ajá. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ kò bá ẹ̀jẹ̀ ajá mu. Ìrẹsì ọdún tó kù nínú ìkòkò dára, tí kò bá ní àlùbọ́sà, tí ata àti iyọ̀ rẹ̀ kò bá pọ̀, tí kò sì tíì kan. Ẹni tó ń gba ọrẹ gbọ́dọ̀ ní ẹnu láti fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ ṣé, Mà, ṣùgbọ́n èyí kò ní ṣe wọ́n lóore."

Iléyá kò jọ Kérésìmesì. Oṣù òṣùpá ló ń tẹ̀ lé, nítorí náà ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 súnmọ́ iwájú lọ́dọọdún: 16 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí ní 2024, 6 oṣù Kẹfà ní 2025. Inú òjò nìyẹn, èèpo kò ṣe é sá. Ohun tí a ń wá nígbà náà ni okùn tí wọ́n fi so àgbò, tó máa ń wà nílẹ̀ káàkiri lọ́jọ́ kejì ọdún, àti ìfun pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ tí alápatà bá ní kò dára fún ènìyàn. Ẹ má ṣe fún ajá ní tútù. Ẹ sè é kó jinná dénú, nítorí aràn kan wà tó ń ti inú ẹ̀dọ̀ àgùntàn bọ́ sí inú ajá, tó sì ń ti ara ajá bọ́ sí ara ènìyàn. Bí ẹ̀dọ̀ náà bá ní àpò omi lára, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ajá má hú u.

Kí Iléyá tó dé ni kí a ti lọ kí Ìmáàmù. Mùsùlùmí púpọ̀ kì í fẹ́ ajá nínú ilé, kò sì yẹ kí a fi dandan lé e. Ṣùgbọ́n gbogbo Áfáà ló mọ ìtàn inú hádíìsì nípa obìnrin tó fi bàtà fa omi nínú kànga fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́run sì torí rẹ̀ dárí jì í. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé Ànábì pàṣẹ kí a pọ́n ọ̀bẹ dáadáa kí a má bàa fi ìyà jẹ ẹran. Bí Ìmáàmù bá sọ ọ́ ní Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú ọdún, tó fi kún un pé kí olówó àgbò gbé omi síwájú rẹ̀ kí ó sì so ó sábẹ́ ìbòòji, ọrẹ náà ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó mú kọ́bọ̀ wá. Nínú ìjọ Kírísítẹ́nì, ọjọ́ ìkórè ló dára jù. Wọ́n máa ń lu irè oko ní gbàǹjo. Kí a bẹ Pásítọ̀ pé kí wọ́n ya àpò àgbàdo kan tàbí agbọ̀n iṣu kan sọ́tọ̀, kí owó tí gbàǹjo rẹ̀ bá mú wá jẹ́ ti abẹ́rẹ́ ajá.

Abẹ́rẹ́ ni ohun tí owó gbọ́dọ̀ rà. A kò lè fi èèpo rọ́pò rẹ̀. Inú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 (°C) ni wọ́n ń tọ́jú oògùn náà, nítorí náà owó yìnyín àti kúlà wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ dókítà ẹran náà sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ ajá ń gbà á láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, a sì máa ń tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà kí ẹ tó tọrọ, kí ẹ lè sọ fún ọmọ Èkó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà pé iye kan báyìí ni ajá kan, kí ó mú iye ajá tó bá wù ú. Ọkàn ènìyàn máa ń balẹ̀ sí ohun tó lè kà. Kí ènìyàn mẹ́ta jókòó ka owó náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn abúlé, orúkọ, iye àti ohun tí wọ́n fi rà. Kó má lọ sínú àkántì ẹnìkan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ìdáwó ló ti kú nítorí ìfura nìkan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí kọ́bọ̀.

Àwọn tó wà lókè òkun yóò fẹ́ rí fọ́tò. Èmi kò fara mọ́ fífi egbò ajá tó ń kú lọ gba owó. Ẹ ya ajá tó ti gbádùn, ẹ ya àká èèpo, ẹ ya ọmọ tó gbé àpò wá, tí àwọn òbí rẹ̀ bá gbà. Ìyẹn ló ń mú kí ẹni tó fúnni lọ́dún yìí tún fúnni lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun kan wà tó máa ń bá àwọn olùtọ́jú lójijì: àwọn kan á gbé ẹran fúnra rẹ̀ wá bí ọrẹ. Ọmọ ajá mẹ́fà nínú páálí, lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, ẹni tó gbé e wá ti lọ. Ẹlòmíràn á wá ní kí a fún ọmọ òun ní ọmọ ajá kan fún ọdún. Láti 1978 ni àjọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kìlọ̀ fún wọn níbẹ̀ pé ajá kì í ṣe ẹ̀bùn Kérésìmesì lásán, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló máa jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Kí ọgbà pinnu ṣáájú ọdún iye ẹran tí àyè rẹ̀ gbà, kí ó sì má fi ajá fún ẹnikẹ́ni títí àríyá yóò fi parí.

Kí a kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ náà, ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá tàbí Akánrán. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka àbójútó bí wọ́n ṣe ń sin ẹran inú ilé àti bí ẹran náà ṣe ń rìn kiri mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè ìrànlọ́wọ́ wọn. Ní ti ìjìyà fún ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran, abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn fi í sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà, iye tí kò tó nǹkan kan mọ́. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe.

Tó bá di oṣù Kìíní, àwọn tó ni ẹran tó sọnù á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ìwé ni yóò yanjú èyí: ọjọ́ tí a rí ẹran, ibi tí a ti rí i, àwọ̀ rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe gé etí rẹ̀, nítorí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tó ń gé sí etí ewúrẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ló ni ín, kí ó sọ àmì náà kí a tó ṣí ọgbà, kí ẹnìkan láti agbo ilé rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Kí a má ṣe gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé bí a bá ń gbà á, ìjà ni yóò máa dá sílẹ̀, wọ́n á sì ní a ń jí ẹran kó láti fi gbowó. Àpò èèpo gbígbẹ kan ni kí ó gbé wá nígbà tó bá ń bọ̀ wá mú ewúrẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ajá ni, kí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kí a kọ ọjọ́ náà sínú káàdì fún olówó rẹ̀, kí a sì sọ oṣù tí yóò mú un padà wá fún un.